Àyà Ń Já, ECG Kò Rí Nǹkan: Bí Ẹ Ṣe Lè Ká Ọkàn Tó Ń Lù Ségesège Mọ́, àti Bí Ẹ Ṣe Lè Tọ́jú Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Bá Fi Sí I

Àyà ń lù kìkìkì, òòyì kọ́ ènìyàn, ó ṣubú. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ara rẹ̀ ti wálẹ̀. Wọ́n ṣe ECG, àyẹ̀wò tó ń ya ìlù ọkàn sórí bébà, fún un, wọ́n ní kò sí nǹkan, wọ́n fún un ní oògùn ibà, ó padà sílé. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó tún ṣubú. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. ECG kan kì í sábà gba ju ìṣẹ́jú-àáyá 10 lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní aago mẹ́ta òru àná kò sí nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tó wà níwájú yín ni láti rí i pé ẹ̀rọ kan ń wo ọkàn náà lọ́wọ́ nígbà tó bá tún ṣe é.

Àwọn kan wà tí kò gbọdọ̀ dúró ka ìtọ́sọ́nà kankan. Ẹni tí àyà ń dùn, tí kò lè mí dáadáa, tó dákú nígbà tó ń sáré tàbí tó jókòó jẹ́ẹ́, tí apá tàbí ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí tí ìlù ọkàn rẹ̀ wá sísàlẹ̀ 40 pẹ̀lú òòyì, tàbí tó ju 150 lọ nígbà tó ń sinmi tí kò sì rọlẹ̀: ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì báyìí. Ní Nàìjíríà, nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112. Ní Èkó, 767 náà ń ṣiṣẹ́.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Aago tàbí fóònù tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá.
- Ìwé kékeré àti bírò tí kò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
- Ẹ̀rọ ìwọn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń dì mọ́ apá.
- Gbogbo ECG àtijọ́. Ẹ ya fọ́tò wọn lónìí. Ooru ni ẹ̀rọ fi ń tẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn, kì í ṣe yíǹkì, nítorí náà wọ́n máa ń ṣá, pàápàá bí ẹ bá fi wọ́n sínú ọ̀rá tàbí ibi tó gbóná.
- Páálí gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, tó fi mọ́ àgbo àti oògùn tí ẹ rà ní kẹ́mísìtì láìgba ìwé.
- Ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ dákú. Ẹ mú un dání lọ bá dókítà. Ohun tó rí ṣe pàtàkì ju ohun tí ẹ̀yin rántí lọ.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka ìlù iṣan ọrùn-ọwọ́

Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 5 láìsọ̀rọ̀. Ẹ yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, kí ẹ fi ìka méjì, èyí tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò àti ti àárín, tẹ ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò náà ní ọrùn-ọwọ́. Ẹ má fi àtàǹpàkò kà á, torí òun náà ní ìlù tirẹ̀, ẹ ó sì máa ka ara yín. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bí kò bá lọ déédéé, ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Láàárín 60 sí 100 ni àgbàlagbà tó ń sinmi máa ń wà. Ẹni tó ń ṣeré ìdárayá gan-an tàbí tó ń lo oògùn tó ń rẹ ọkàn sílẹ̀ lè wá sísàlẹ̀ díẹ̀.

Ẹ máa fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ tẹ̀ lé e. Bí ẹsẹ̀ bá mọ ìgbà tí èyí tó ń bọ̀ máa bọ́ sí i, ó ń lọ déédéé. Bó bá ń fo ọ̀kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó sì ń padà sórí ìlù, ó sábà máa ń jẹ́ ìlù àfikún tí kì í pa èèyàn lára, àmọ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ìlù tí ẹsẹ̀ kò lè jó sí rárá, ẹ fura sí atrial fibrillation, tí àwọn dókítà ń pè ní AF: yàrá òkè ọkàn ń gbọ̀n dípò kó máa fún, ẹ̀jẹ̀ ń rogún síbẹ̀, ó lè dì, kí ó sì lọ di rọpárọsẹ̀.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru gbé jáde nìkan. Nínú AF, àwọn ìlù kan kéré débi tí wọn kì í dé ọrùn-ọwọ́, ẹ̀rọ kì í rí wọn. Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ mú àárín wọn.

Ẹ yẹ ara yín wò: kí ẹlòmíì kà á ní ọwọ́ kejì lẹ́sẹ̀ kan náà. Bí ìyàtọ̀ bá ju 5 lọ, ẹ tún un kà.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ tó bá ṣẹlẹ̀

Déètì, aago, ohun tí ẹ ń ṣe, bó ṣe pẹ́ tó, iye ìlù, ohun tí ẹ jẹ tàbí mu. Ẹ kọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe parí: èyí tó bẹ̀rẹ̀ lójijì tó sì dáwọ́ dúró bí ìgbà tí wọ́n pa iná yàtọ̀ sí èyí tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ibà, àìlẹ́jẹ̀ tàbí àníyàn.

Fún ẹni tó dákú, ìbéèrè méjì ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣé ó mọ̀ ọ́n lára kí ó tó ṣubú, bíi kí òógùn bo ó, kí ojú máa ṣú u, lẹ́yìn tó ti dúró pẹ́ nínú oòrùn tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì? Àbí ó kàn wó lulẹ̀ láìsí àmì kankan? Èkejì ló léwu. Ẹ tún kíyè sí èyí: ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan lè gbọ̀n bíi ti wárápá, àwọn kan sì ti lo oògùn wárápá fún ọdún púpọ̀ láìsí ẹni tó wo ọkàn wọn. Kí ẹni tó wà níbẹ̀ sọ bí àwọ̀ ojú rẹ̀ ṣe rí, bó ṣe pẹ́ tó, àti bóyá ọpọlọ rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀.

Ẹ béèrè nípa ẹbí. Bí ẹnì kan bá kú lójijì kí ó tó pé ọmọ 40 ọdún, kódà bí wọ́n bá sọ pé ayé ló pa á, ẹ kọ ọjọ́ orí rẹ̀ àti ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ nígbà yẹn sílẹ̀. Àwọn àrùn ìlù ọkàn kan wà tí èèyàn máa ń jogún.

Ìgbésẹ̀ 3: ECG tí wọ́n ṣe dáadáa

Ibí ni kí nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń ṣe ECG ní ilé ìwòsàn kékeré ti dúró pẹ́. Òrí, àdí, Robb tàbí Aboniki lára àyà kì í jẹ́ kí àwọn bébà aláàlẹ̀mọ́ náà mú. Ẹ fi sípírítì nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fá irun tó bá pọ̀. Kí aláìsàn dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, kí ọwọ́ má gbọ̀n. Bí ìlà bá nípọn bí ìgbà tí wọ́n fi ìgbálẹ̀ fa á, iná ló ń da á láàmú: ẹ yọ ṣáàjà, ẹ fi bátìrì ẹ̀rọ náà ṣe é, kí ẹ jìnnà sí wáyà jẹnẹrétọ̀ àti fáànù.

Bébà mẹ́fà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àyà ni V1 dé V6. Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í jù ni V1 àti V2: wọ́n máa ń gbé e ga jù. Ẹ fi ìka wá ibi tó yọ gọngọ lórí egungun àárín àyà. Egungun ìhà kejì ló pàdé rẹ̀ níbẹ̀, àlàfo abẹ́ rẹ̀ sì ni ìkejì. Ẹ kà á wálẹ̀ dé àlàfo kẹrin. V1 ń lọ sí ọ̀tún egungun àárín, V2 sí òsì. V4 wà ní àlàfo karùn-ún lábẹ́ àárín egungun èjìká iwájú, V3 wà láàárín V2 àti V4, V5 àti V6 wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú V4, lọ sí apá abíyá òsì. Lára obìnrin, ẹ fi V4 dé V6 sábẹ́ ọmú.

Kí ẹ tó yọ wáyà, ẹ wo ìwé náà: ìyára 25 mm fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, 10 mm fún mV kan, orúkọ, déètì, aago. Bí ìlà tí wọ́n kọ lead I sí bá dorí kodò tí ti aVR sì gbéra, wáyà ọwọ́ ọ̀tún àti òsì ti yí padà; ẹ tún un ṣe. Bí ìlù bá ń lọ déédéé, ẹ ka àpótí ńlá láàárín ìlù méjì, kí ẹ fi pín 300. Bí kò bá lọ déédéé, ẹ ka gbogbo ìlù lórí ìlà gígùn ìṣẹ́jú-àáyá 10, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 6.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ tẹ̀ sókè ìwé kì í ṣe ìdájọ́. Kí dókítà kà á, kó sì fọwọ́ sí i. Kó wo QTc pẹ̀lú, ìyẹn àkókò tí iná ọkàn ń gbà láti tán kí ìlù mìíràn tó dé. Bó bá ju 500 millisecond lọ, oògùn tí ẹ gbé wá lè jẹ́ òkùnfà: halofantrine fún ibà, quinine, chloroquine, erythromycin, azithromycin, haloperidol. Ìgbẹ́ gbuuru àti oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀ máa ń dín potassium kù, wọ́n sì ń mú un burú sí i. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ kó gbogbo páálí dání.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ yan ẹ̀rọ ní ìbámu pẹ̀lú bó ṣe ń wá sí

Bí ẹ bá gba ọ̀kan péré nínú gbogbo èyí, ẹ gba ìgbésẹ̀ yìí. Owó púpọ̀ ló ń ṣòfò lórí Holter, ẹ̀rọ ECG tí èèyàn ń gbé kiri, tí wọ́n fi wákàtí 24 sí lára fún àìsàn tó ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

- Bó bá ń wá lójoojúmọ́: Holter wákàtí 24 sí 48.
- Bó bá ń wá lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀: èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àyà fún ọjọ́ 7 sí 14.
- Bó bá ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tó sì ń pẹ́ tó kí ẹ lè na ọwọ́: ẹ̀rọ ECG àtọwọ́gbé tàbí aago ọwọ́ tó ń gba ECG. Ìlà ìṣẹ́jú-àáyá 30 tí dókítà kà tó láti fi AF múlẹ̀.
- Bó bá ń wá lẹ́yìn oṣù púpọ̀, tàbí tí ẹ kì í lè mọ̀ ọ́n kí ẹ tó dákú: loop recorder tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ.

Ẹni tó gbé Holter wọ̀ kò gbọdọ̀ sùn kalẹ̀ sílé. Ẹ wẹ̀ kí wọ́n tó fi sí i, ẹ má para, kí ẹ wá lọ síbi iṣẹ́, kí ẹ gun àtẹ̀gùn, kí ẹ ṣe ohun tó máa ń fà á. Ẹ tẹ bọ́tìnnì nígbà tó bá ṣe yín, kí ẹ kọ aago sílẹ̀, aago ẹ̀rọ náà ni kí ẹ fi kọ ọ́. Nígbà tí èsì bá dé, ẹ wo wákàtí tó ṣeé kà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 9 nínú 24, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe.

Loop recorder kò tóbi: Reveal LINQ, fún àpẹẹrẹ, jẹ́ nǹkan bíi 45 mm ní gígùn, 7 mm ní fífẹ̀, 4 mm ní nínípọn. Wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ pa ibẹ̀ lára, wọ́n ń là á díẹ̀ lápá òsì àyà, wọ́n sì ń tì í sábẹ́ awọ. Kò ní wáyà tó wọ inú ọkàn. Ó lè máa ṣọ́ ọkàn fún nǹkan bí ọdún 3, òmíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ẹni tó ní rọpárọsẹ̀ tí wọn kò mọ ohun tó fà á, ìwádìí CRYSTAL AF tó jáde ní 2014 fi hàn pé láàárín oṣù 6, ẹ̀rọ yìí rí AF lára 8.9% àwọn tí wọ́n fi sí lára, nígbà tí àyẹ̀wò àtẹ̀yìnwá rí i lára 1.4% péré.

Ohun tó ń ba á jẹ́ lọ́dọ̀ wa ni iná. Àpótí kékeré ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó ń fi èsì ránṣẹ́ nílò iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì lóru. Ẹ so ó mọ́ inverter, kó má jìnnà ju mítà 2 sí ibùsùn. Bí ẹ kò bá fi èsì ránṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́, tuntun máa ń tẹ àtijọ́ rẹ́ nínú ẹ̀rọ. Kí ẹ tó kúrò ní ilé ìwòsàn, kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ hàn yín: ìlù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ga, kó sì hàn kedere. Ẹ sọ ìdí tí wọ́n fi fi sí i fún ẹni tó ń tò ó, torí bí wọ́n ṣe ń tò ó fún dídákú yàtọ̀ sí ti AF.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ya àwòrán ọkàn kí ẹnikẹ́ni tó fi wáyà sí i

Echo, àwòrán ọkàn tí wọ́n ń fi ìró yà bíi scan aboyún, ni kó ṣáájú. Ẹ wá ohun mẹ́ta nínú èsì rẹ̀: agbára tí ọkàn fi ń tú ẹ̀jẹ̀ jáde, tí wọ́n ń pè ní EF, bí yàrá òkè òsì ṣe tóbi tó, àti ipò àwọn ilẹ̀kùn ọkàn. Bí ìlù bá ń lọ ségesège lọ́jọ́ náà, kí wọ́n wọn ìlù mélòó kan kí wọ́n tó mú àárín rẹ̀. EF tí wọ́n wọn lórí ìlù kan ṣoṣo nínú AF ń tan èèyàn jẹ.

Ilẹ̀kùn òsì tó há látàrí ibà líle-oríkèé (rheumatic fever) ìgbà èwe ṣì pọ̀ nílẹ̀ wa, ó sì ń yí ìtọ́jú padà: warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ni ẹni tó ní AF pẹ̀lú rẹ̀ ń lò, kí INR, ìwọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì, wà láàárín 2 sí 3, kì í ṣe àwọn oògùn tuntun bíi rivaroxaban. Aspirin kò lè rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó ń lo warfarin kò nílò láti fi ẹ̀fọ́ sílẹ̀. Iye kan náà ni kó máa jẹ lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, kí INR má baà máa gòkè sọ̀kalẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fi iná dá ìlù ọkàn padà, ọ̀sẹ̀ 3 oògùn ẹ̀jẹ̀ dídì ló ń ṣáájú, tàbí echo tí wọ́n ń gba ọ̀nà ọ̀fun ṣe láti wá ẹ̀jẹ̀ dídì, ọ̀sẹ̀ 4 ó kéré tán ló sì ń tẹ̀ lé e.

Ẹ béèrè nísinsìnyí bóyá MRI ọkàn, àwòrán tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ mágnẹ́ẹ̀tì ńlá yà, máa pọn dandan láti wá àpá. Lẹ́yìn tí irin bá ti wà lápá òsì àyà, ó máa ń ba àwòrán náà jẹ́.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ mọ ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ fi sí i, kí ẹ sì mọ ẹni tó lè bá a sọ̀rọ̀

Pacemaker wà fún ọkàn tó ń lọ́ra tàbí tó ń dúró. ICD wà fún ìlù eré burúkú tó lè pa èèyàn lójijì: ó máa ń fi iná ta ọkàn láti dá ìlù náà padà. Wọ́n sábà ń rò ó fún ẹni tí EF rẹ̀ kò ju 35% lọ lẹ́yìn oṣù 3 tó ti lo oògùn tó péye. Pacemaker kì í wo AF sàn, kò sì dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀.

Ní ìkọ̀wé, ẹ gba orúkọ ilé-iṣẹ́ àti nọ́ńbà àpótí ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ awọ náà, nọ́ńbà wáyà kọ̀ọ̀kan, àti bóyá méjèèjì pọ̀ jẹ́ irú tí MRI kò lòdì sí. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ kì í béèrè: ta ló ní programmer rẹ̀, kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ka ẹ̀rọ náà tí wọ́n sì fi ń tò ó, nítòsí yín? Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ti ọ̀kan kì í ka ti èkejì. Ẹni tí wọ́n ṣe é fún ní London tàbí Houston tó fẹ́ padà wálé gbọ́dọ̀ wádìí èyí kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ń fi pacemaker sí i ní UCH Ìbàdàn àti ní Babcock University Teaching Hospital ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ. Fún ẹni tí owó tuntun kò tó, My Heart Your Heart ti University of Michigan ń tún pacemaker tí wọ́n yọ lára ẹlòmíì ṣe fún lílò lẹ́ẹ̀kejì, Nàìjíríà sì wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti dán an wò. Irú ètò tó ní àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nìkan ni kí ẹ gbà. Ẹ̀rọ àlòkù tí kò sẹ́ni tó mọ orísun rẹ̀ kò yẹ ara ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ 7: Ọ̀sẹ̀ 6 àkọ́kọ́

Kí wọ́n ya X-ray àyà kí ẹ tó lọ sílé, láti rí i pé wáyà wà níbi tó yẹ àti pé ẹ̀dọ̀fóró kò lu. Ẹ má gbé ìgbọ̀nwọ́ apá ibi tí ẹ̀rọ wà kọjá èjìká, ẹ má gbé ohun tó ju kílò 5 lọ. Kẹ̀rẹ̀gbẹ̀ omi kò kàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ má so apá náà mọ́ra bí ẹni tó kán lápá. Ẹ máa mì í nísàlẹ̀ èjìká lójoojúmọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èjìká á gan.

Kí ojú ọgbẹ́ gbẹ fún ọjọ́ 7 sí 10. Kí ẹnikẹ́ni má fi omi gbígbóná jó o, má fi Robb ra á, má da àgbo sí i. Bí ibẹ̀ bá wú, kò sí nọ́ọ̀sì tó gbọdọ̀ fi abẹ́rẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọ̀nà tí kòkòrò ń gbà wọlé nìyẹn, bí kòkòrò bá sì wọ ibẹ̀, gbogbo ẹ̀rọ àti wáyà ni wọ́n máa ń yọ. Ọgbẹ́ tó pupa, tó gbóná, tó ń ṣọyún, tàbí ibà: ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó fi sí i lọ́jọ́ náà. Òòyì tó padà dé, tàbí òsúkè tí kò dáwọ́ dúró, lè jẹ́ pé wáyà ti kúrò níbi tó wà.

Ẹ ka ìlù iṣan láàárọ̀. Kò gbọdọ̀ wá sísàlẹ̀ iye tí wọ́n tò sí ẹ̀rọ náà, tó sábà máa ń jẹ́ 50 tàbí 60. Ìyẹ̀wò àkọ́kọ́ wà láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 12, lẹ́yìn náà oṣù 6 sí 12. Ẹ gba ìwé tó fi bátìrì, threshold (iná tó kéré jù tó lè mú ọkàn lù) àti impedance (bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́nà tó) hàn ní ìgbà kọ̀ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ 8: Nílé, níbi iṣẹ́, ní báńkì

Fóònù: 15 cm sí ẹ̀rọ, etí kejì ni kí ẹ fi gbọ́ ọ, ẹ má fi sí àpò àyà. Jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́: 30 cm ó kéré tán, kí ẹlòmíì sì máa fà á. Sítóòfù induction: 60 cm. Iṣẹ́ wẹ́dà tó ju amp 130 lọ: ẹ fi sílẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n, microwave, X-ray àti scan aboyún kò ní wàhálà. Ilẹ̀kùn báńkì tó máa ń sé èèyàn mọ́ àárín: ẹ fi káàdì ẹ̀rọ yín han gáàdì, kó ṣí èkejì. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín níbikíbi, ẹ sọ fún dókítà náà ṣáájú, torí iná tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lè da ẹ̀rọ rú.

Ẹni tó ní ICD: bó bá ta yín lẹ́ẹ̀kan tí ara yín sì dá, ẹ pe ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bó bá ta yín lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí 24, tàbí tí ara kò dá, pàjáwìrì ni. Ẹni tó fọwọ́ kàn yín nígbà tó ń ta kò ní kú.

Ìgbésẹ̀ 9: Bí MRI bá kàn yín

Àwọn kan ń sọ fún gbogbo ẹni tó ní pacemaker pé MRI èèwọ̀ ni. Àwọn kan ń ti èèyàn wọlé láìbéèrè. Méjèèjì ń ṣe aláìsàn ní ìbi.

1. Ẹ fi káàdì hàn. Àpótí àti wáyà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú tí MRI gbà, kí wọ́n sì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan náà. Bí àpótí bá jẹ́ ti ọ̀kan tí wáyà jẹ́ ti òmíràn, àkọlé yẹn kò mú mọ́.
2. Ọ̀sẹ̀ 6 gbọ́dọ̀ ti kọjá lẹ́yìn tí wọ́n fi sí i.
3. Kí wọ́n ya X-ray láti wá wáyà àtijọ́ tí wọ́n gé sílẹ̀ nínú ara, torí ó lè gbóná.
4. Kí wọ́n yẹ ẹ̀rọ wò lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kò fẹ́ kí threshold ju 2.0 V lọ ní 0.4 millisecond.
5. Kí wọ́n wo agbára ẹ̀rọ MRI náà: kì í ṣe gbogbo èyí tó gba 1.5 tesla ló gba 3.
6. Kí wọ́n tò ó sí ipò MRI. Fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lè lù láìsí ẹ̀rọ, ó máa ń lù láìdúró wo ohunkóhun. Fún ICD, wọ́n ń pa títa rẹ̀.
7. Kí ECG àti ìwọ̀n atẹ́gùn wà lára yín jálẹ̀, kí defibrillator wà nítòsí, kí ẹni tó lè lò ó wà níbẹ̀.

Àṣìṣe tó léwu jù ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti parí: wọ́n gbàgbé láti dá ẹ̀rọ padà sí ipò rẹ̀, ẹni tó ní ICD sì lọ sílé láìní ààbò kankan. Ẹ má wọ bàtà yín, ẹ má kúrò lórí àga, títí tí programmer yóò fi tún kàn án. Ẹ gba ìwé méjì, ti kí wọ́n tó ṣe é àti ti ìgbà tí wọ́n ṣe é tán, kí ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ipò, iye ìlù tó kéré jù, àti títa ICD gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, ẹ ní kí ẹni tó tò ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ kí ẹ tó dìde.